Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, ìwàrẹ̀fà, tàbí ìgbìmọ̀ ajábọ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Abẹ́òkúta.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ká máa pe àwọn aṣòfin díẹ̀ tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ láti lọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò fínnífínní, bíi ti ètò ìlera, ti ẹ̀kọ́ tàbí ti ìnáwó ìjọba. Àwọn kan nínú wa ní kí á gbà á bí àwọn oníròyìn ṣe ń pè é, ìyẹn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó. Ẹnì kan kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ìwàrẹ̀fà ló yẹ ẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni. Ẹlòmíràn ní kọmitíì ti di Yorùbá tán, kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbìmọ̀ ajábọ̀ ni àbá tèmi, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìwé ìkéde kan ni wọ́n gbé fún mi láti túmọ̀, tó ń pe àwọn oníṣòwò wá sọ tẹnu wọn ní gbangba lórí àbádòfin kan. Kí n tó dá a padà, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, mo kà á sí i létí. Ibi tí mo ti dé "ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ okòwò" ló ti gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ tó ń ká. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbìmọ̀ wo nìyẹn? Ṣé ti Kábíyèsí ni àbí ti Gómìnà?" Mo ní rárá, ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Òkè-Mósàn ni. Ó wò mí lójú: "Ṣé ìgbìmọ̀ tún wà nínú ìgbìmọ̀ ni?" Mo wá sọ fún un pé Ilé ló rán wọn níṣẹ́, pé wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà, wọn yóò sì padà lọ jábọ̀ fún Ilé. Ó mi orí. "Á jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn lọ́rọ̀ máa parí sí nìyẹn."

Gbólóhùn ìyá yìí gan-an ni òfin sọ. Abala 103 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láṣẹ láti yan àwọn kan nínú àwọn ọmọ Ilé fún iṣẹ́ yòówù tó bá rò pé wọn yóò lè bójú tó dáadáa, kí ó fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́, kí ó sì pinnu iye wọn, ìgbà tí wọn yóò lò, àti iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìjókòó wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kan náà ló sọ pé Ilé kò gbọdọ̀ gbé agbára àtisọ àbádòfin di òfin lé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n bá a ṣe ìpinnu tó jẹ́ pé Ilé fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ṣe é. Wọ́n lè dámọ̀ràn. Ó parí síbẹ̀. Òfin fi àyè sílẹ̀ kí iye àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kan wà láàrin 24 sí 40, 26 sì ni tiwa ní Ògùn. Bí àwọn 26 yìí bá ní kí gbogbo wọn jókòó pọ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀ láti orí ilé ìwòsàn títí dé orí ilé ẹ̀kọ́, ọdún á yípo kí wọ́n tó kúrò lórí ìkíní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ara wọn, tí aṣòfin kan ṣoṣo sì lè wà nínú ìgbìmọ̀ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé tẹ̀ẹ́kótó yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ lẹ́nu oníròyìn. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé àwọn ènìyàn náà kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kíkéré ni àmì tí a fi ń mọ̀ wọ́n, kí ni a ó ṣe sí ìgbà tí gbogbo ọmọ Ilé bá sọ ara wọn di ìgbìmọ̀? Lẹ́yìn tí Ilé bá ti ka àbádòfin kan nígbà kejì, wọ́n a máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti yẹ ẹ́ wò ní abala kọ̀ọ̀kan. Nínú àṣà tí a jogún lọ́wọ́ ilé aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn a gbé ọ̀pá àṣẹ kúrò ní ipò rẹ̀ lórí tábìlì, ẹni tó ń darí ìjókòó a sì di alága ìgbìmọ̀ fún àkókò náà. Kò sí ẹni tó jáde, kò sí ẹni tó wọlé. Ta ni yóò pe èyí ní ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó gbogbo Ilé, tí ọ̀rọ̀ náà kò ní ta ko ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá parí, tí ọ̀pá àṣẹ padà sípò, alága gbọ́dọ̀ jábọ̀ ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe fún Ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan náà ló ń jábọ̀ fún ara wọn. Ìgbà tí mo ro èyí délẹ̀ ni mo rí i pé ìjábọ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀, kì í ṣe iye orí.

Ìwàrẹ̀fà fà mí mọ́ra ju tẹ̀ẹ́kótó lọ, mi ò ní purọ́. Àwọn ìwàrẹ̀fà jẹ́ àwọn àgbà mẹ́fà tí a yọ láàrin ọ̀pọ̀, èyí tó jọ ohun tí à ń wá. Àmọ́ oyè ni, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí kan náà ni n kò fi fara mọ́ ọn pé kí á yá Pàràkòyí fún ìgbìmọ̀ okòwò. Àwa Ẹ̀gbá mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ìlú láyé àtijọ́: Ògbóni ló ń bójú tó ìṣàkóso ìlú, Olórógun ló ni ọ̀rọ̀ ogun, Pàràkòyí ló ni ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀ níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Tí a bá wá fi orúkọ aláṣẹ pe ẹni tí òfin ní kó dámọ̀ràn lásán, a ti ṣi ará ìlú lọ́nà.

Ní ti kọmitíì, ẹni tó bá fẹ́ kó máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí àlùfáà Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá ní 1859 ni mo ti ń kọ èyí, ó sì wù mí kí á wá ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn sójú ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Jábọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: jẹ́, bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán wa, àti àbọ̀. A fi a- síwájú rẹ̀, bí a ṣe ṣe é fún aṣòfin àti akọ̀wé. Àléébù kan wà níbẹ̀ tí n kò ní fi pamọ́. Níbi tí wọn kì í ti í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn lè kà á bíi jábọ́, bí ìgbà tí nǹkan bá já láti òkè tó sì bọ́ sílẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ni kí á máa fi àmì sí i.

Ẹnì kan ti bi mí pé: àwọn tí kì í jábọ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ lè di àbádòfin mú sọ́wọ́ títí yóò fi kú síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní New Hampshire, tí ilé aṣojú rẹ̀ ní 400 ọmọ, gbogbo àbádòfin ló gbọ́dọ̀ padà síwájú Ilé fún ìbò. Iṣẹ́ tó yẹ kí ènìyàn ṣe ni orúkọ ń sọ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò bọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí a ó bi í nígbà tó bá dé.

Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méje tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ń yàn lábẹ́ abala 188, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ gómìnà, àwọn náà ń jábọ̀ fún Ilé láàrin oṣù mẹ́ta. Ṣé ìgbìmọ̀ ajábọ̀ ni wọ́n? Mo ní rárá. Kò gbọdọ̀ sí aṣòfin kankan nínú wọn, bí wọ́n bá sì ní ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, Ilé kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú mọ́. Ìyẹn kọjá ìdámọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ olùwádìí máa jẹ́ tiwọn.

Fún èyí tí Ilé gbé kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan péré, tó sì ń túká tó bá ti jábọ̀, mo rí i tí àwọn kan kọ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Kò tọ̀nà. Ẹni tó fìdí hẹ ń di àyè mú fún ẹlòmíràn títí onípò yóò fi dé, ìgbìmọ̀ yìí kò sì di àyè ẹnikẹ́ni mú. Ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-kan ni mo fi ń pè é, kí ìgbìmọ̀ ìgbà gbogbo sì wà fún àwọn tí kì í túká kí sáà Ilé tó parí. Bákan náà, kí á má ṣe fi ọmọ ìgbìmọ̀ pe èyí tí ìgbìmọ̀ tún yọ láti inú ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tó jókòó níbẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìgbìmọ̀ tó.

Abala 97 fi àyè sílẹ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti máa fi èdè àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Èkó sì ti ń fi Yorùbá jókòó láwọn ìgbà kan. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹnu kò lé lórí níbí lè dé orí tábìlì akọ̀wé Ilé. Bí mo ṣe tún ìkéde yẹn kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó bóyá ó kù síbì kan: "Ìgbìmọ̀ ajábọ̀ Ilé Aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ okòwò ń pe gbogbo ọlọ́jà wá sọ tẹnu wọn lórí àbádòfin yìí, kí ìgbìmọ̀ náà tó lọ jábọ̀ fún Ilé, tí yóò ṣe ìpinnu."