Ta ló ní dandan ni kí bàbá akọni kú?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí oníkálùkù sọ lórí èyí tó dùn mọ́ ọn àti èyí tó já a kulẹ̀ nínú kọ́míìkì àti kátúùnù àwọn akọni láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìjà kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò mọ́. Ohun tí mo ń wò ni pé ta ló tọ́ àkítọ̀ dàgbà, ṣé ẹni náà ṣì wà láyé, ṣé wọ́n sì jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ?

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní pámárì. Àbúrò bàbá mi ló mú mi sọ́dọ̀. Nígbà yẹn, tá a bá kóra jọ wo fíìmù akọni nílé aládùúgbò, bákan náà ló máa ń rí: wọ́n á pa òbí àkítọ̀, wọ́n á sin ín, àkítọ̀ á di alágbára. Batman, bàbá àti ìyá lọ lọ́jọ́ kan náà. Spider-Man, Uncle Ben tó tọ́ ọ dàgbà ló kú. Superman, gbogbo ibi tí wọ́n ti bí i ló fọ́ yángá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á máa pàtẹ́wọ́, èmi á dákẹ́. Ikú bàbá mi ò fún mi lágbára kankan. Owó ilé ìwé ló sọ di wàhálà.

Ìdí nìyẹn tí Spider-Man: Across the Spider-Verse, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fi gbá mi láyà. Ẹ rántí orí òrùlé yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àríyá fún bàbá Miles, ọmọ tó jẹ́ Spider-Man nínú fíìmù náà, torí wọ́n fẹ́ gbé bàbá yẹn ga lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Miles ti pẹ́ dé, kéèkì tó gbé dé ti bàjẹ́, wọ́n ti bínú sí i. Ìyá rẹ̀, Rio, wá bá a lókè. Ó ní òun ti ń tọ́jú ọmọkùnrin kékeré kan láti ọdún pípẹ́ wá; Miles fúnra rẹ̀ ló ń sọ. Níbi yòówù kí Miles máa lọ báyìí, kó bá òun tọ́jú ọmọ náà, kó má ṣe jẹ́ kó gbàgbé ibi tó ti wá. Kò mọ̀ pé Spider-Man lòun ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní láti dá fíìmù náà dúró kí n nu ojú.

Lẹ́yìn èyí ni Miguel O'Hara, olórí àwọn Spider-Man tó wá láti oríṣiríṣi ayé, wá sọ fún Miles pé dandan ni kí bàbá rẹ̀ kú, torí bẹ́ẹ̀ ni ìtàn gbogbo Spider-Man ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ Spider-Man tó wà níbẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Miles kọ̀. Ẹ̀yin ará, òfin tí wọ́n ti fi ń kọ ìtàn akọni láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọ yẹn dojú kọ! Kò sí ìjà kankan nínú fíìmù náà tó tó kíkọ̀ yẹn.

   

Ní ti kọ́míìkì, Ultimate Spider-Man tí Jonathan Hickman àti Marco Checchetto bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni mo fi ṣíwájú. Peter Parker, tó jẹ́ Spider-Man níbẹ̀, ti dá irùngbọ̀n sí, ó ti fẹ́ Mary Jane, wọ́n ti bí ọmọ méjì. Uncle Ben ò kú. Òun àti akọ̀ròyìn J. Jonah Jameson fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn bí àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa. Ẹnì kan níbí ní ìwé kẹrin sú òun, torí pé Peter, Mary Jane àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, Harry àti Gwen, kàn jókòó jẹun alẹ́ ni. Èmi ò gbà. Ibẹ̀ la ti mọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa pàdánù bí nǹkan bá ṣe é.

Kọ́míìkì Absolute Batman ti Scott Snyder àti Nick Dragotta náà dára. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ Bruce Wayne, ẹni tó jẹ́ Batman, wọ́n dá ìyá rẹ̀ padà fún un. Lóòótọ́ oníbọn pa bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó kó àwọn ọmọ kíláàsì lọ wo ọgbà ẹranko, ṣùgbọ́n Martha ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìlú Gotham. Ẹnjiníà ni ọmọ rẹ̀, àmì àdán tó wà láyà rẹ̀ sì ṣe é yọ lò bí àáké. Ní báyìí, Batman ní ìyá tó máa bi í léèrè ibi tó sùn.

Èyí tó bí mi nínú ni fíìmù Spider-Man: No Way Home ti 2021. Wọ́n pa Aunt May tó tọ́ Peter dàgbà, kí Peter lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tá a ti mọ̀ látọjọ́ yìí: pé ẹni tó bá ní agbára ńlá ní ojúṣe ńlá. Kò yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí gbogbo yín bá mi kí ni Debbie nínú kátúùnù Invincible. Ọkọ rẹ̀, Omni-Man, lu ọmọ wọn Mark débi pé díẹ̀ ló kù kó kú, ó sì fò lọ. Níbi tó lọ, ó bí ọmọ mìíràn fún obìnrin mìíràn. Mark gbé ìkókó yẹn wálé, àwọ̀ ara rẹ̀ rí bí àlùkò. Debbie gbà á, ó ń tọ́ ọ. Kò fò rí, kò lu ẹnikẹ́ni. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni mo rí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú mi dé, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Ó kàn gbé àwo kan kún àwọn àwo tó wà nílẹ̀.

Ilé rẹ̀ náà ni mo ti wo Iyanu, kátúùnù tí wọ́n ṣe látinú kọ́míìkì Roye Okupe, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọmọ tí kò mọ òbí rẹ̀ ni Ìyanu, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olórí ló tọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé gbọ́ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bíyìí àti Tóyè, wọ́n pariwo pé bọ̀ọ̀dá Tóyè ti wọ tẹlifíṣọ̀n. Màámi, ìyàwó àbúrò bàbá mi yẹn, ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Olórí bá jáde ló ń béèrè pé kí ni obìnrin yẹn wí.

Beyond the Spider-Verse, fíìmù tó máa tẹ̀ lé Across the Spider-Verse, ni mo ń dúró dè báyìí. Ẹ rántí ibi tí wọ́n fi Miles sí: ó bọ́ sí ayé mìíràn tí bàbá rẹ̀ ti kú. Miles tó wà níbẹ̀ ò di akọni o, Prowler, ọ̀daràn, ló dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ikú òbí ló ń sọ èèyàn di alágbára, báwo lẹ ṣe rí ìyẹn sí?