Health visitor ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé kí n gbé ìgò àgbo pamọ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Leeds ní England ni mo wà, ọmọ mi pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Agbẹ̀bí tó ń wá tẹ́lẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti ní health visitor, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ kékeré nílé, ń bọ̀ ni àyà mi ti ń já. Màmá mi wá láti Ìbàdàn wá bá mi wẹ ọmọ. Wọ́n ń fún un lómi àti àgbo díẹ̀, ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sùn. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní àwọn health visitor yìí ló ń fẹjọ́ èèyàn sun àwọn tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ṣé mo lè ní kí wọ́n má wá?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, má gbé màmá pamọ́ o! Èmi ti tèmi mọ́ yàrá, ni ikọ́ bá mú wọn. Obìnrin náà ní, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ojú tì mí pa.

Nọ́ọ̀sì London: Iṣẹ́ mi nìyí. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó tún kàwé sí i ni wá. Ẹ lè ní ẹ ò fẹ́, kì í ṣe tipátipá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wá. Àbẹ̀wò márùn-ún ló wà ní England: ọ̀kan kí ẹ tó bímọ, ọjọ́ 10 sí 14, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, oṣù 9 sí 12, àti ọdún 2 sí 2 ààbọ̀. Tí ọmọ bá wà nínú ewu gidi, a máa sọ, mi ò ní purọ́. Ti omi ìyá àgbà kọ́ nìyẹn. Ọyàn nìkan ló máa ní kí ẹ fún un fún oṣù mẹ́fà. Ìdojúbolẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù, nítorí ó ń mú ewu ikú òjijì lójú oorun pọ̀ sí i. Ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lónìí, nínú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ní yàrá yín. Ẹ má dúró de Ìṣẹ́gun. Tó bá sì bi yín bí ọkàn yín ṣe rí, ẹ má kàn dáhùn pé "a dúpẹ́" o.

Màmá Tèmi: Ẹ jẹ́ kó wo ìdí ọmọ. Tèmi ní àmì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n bí i mọ́ níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n lù ú. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pupa, ìwé ìlera ọmọ. Nígbà tí nọ́sìrì béèrè, ìwé yẹn ni mo ṣí.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á sí màmá létí. Wọ́n ní àwa mẹ́fà làwọn fún lómi, èwo ló kú? Ṣùgbọ́n ọmọ ti fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ti da àgbo nù. Wọ́n wá ń béèrè bóyá àlejò ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín.