Owó ẹnu ọ̀nà ni mo dúró lé, kì í ṣe àpótí owó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fà bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí: kí ni kí Yorùbá máa pe ohun tí àwọn oníròyìn sinimá ń pè ní “box office”, ìyẹn gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì tí fíìmù kan pa nílé sinimá? Àbúrò wa kan ló kọ́kọ́ gbé “àpótí owó” kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní “èrè sinimá” ló tẹ́ òun lọ́rùn. Màmá wa olùkọ́ ní Àgbádárìgì ní kí a yé da ara wa láàmú, kí a kọ ọ́ ní “bọ́kìsì ọ́fíìsì”, kí a máa bá tiwa lọ. Ìkòròdú ni èmi wà, ọ̀rọ̀ fíìmù kì í sì í tán lẹ́nu wa níbí. Ọmọ ìlú yìí ni Funke Akindele, òṣèré tó tún ń ṣe fíìmù. Ìlú yìí náà ni àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois ti jáde, àwọn tó máa ń fi ìkòkò, igi àti páálí ṣe àfarawé fíìmù Amẹ́ríkà, títí Netflix fi kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú: “owó ẹnu ọ̀nà” ló yẹ kí a máa pè é.

“Àpótí owó” ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé kúrò lọ́nà, torí òun ló rọrùn jù. Bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà kan pé fíìmù kan ṣe dáadáa ní àpótí owó, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni kóló tàbí àpótí ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ni àbúrò wa túmọ̀, kò túmọ̀ ohun náà gan-an. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn, yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nílé eré ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè. Nígbà tó yá ni orúkọ ibẹ̀ wá di orúkọ owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Àwa náà ní ibi tí a ti ń gba owó eré lọ́wọ́ òǹwòran. Kò sí àpótí níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni.

“Èrè sinimá” ló gba àlàyé, nítorí ó dùn létí, Yorùbá tó mọ́ sì ni. Àmọ́ irọ́ ló ń pa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti lẹ páálí kan mọ́ ògiri, wọ́n fi máákà pupa to orúkọ fíìmù sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ iye owó síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Everybody Loves Jenifa, tó jáde ní December 2024, ló wà lókè pátápátá, ó lé ní ₦1.8 bílíọ̀nù. A Tribe Called Judah, ti December 2023, ló tẹ̀ lé e, ₦1.4 bílíọ̀nù. Funke Akindele ló ṣe méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà na ọwọ́ sí páálí, ó ní, “Ẹ ò rí i? Ọmọ ìlú wa ti jẹ èrè bílíọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì!” Ìyá ẹlẹ́ja kan láti Èbúté, tó wá pààrọ̀ gíláàsì fóònù rẹ̀, wo páálí náà títí. Ó ní, “Ọmọ mi, èló ló fi ṣe é? Ta ló ni ilé tí wọ́n ti wò ó? Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un ni?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìbéèrè ìyá yẹn ló sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Owó tí wọ́n ń kéde yẹn, gbogbo ohun tí òǹwòran san fún tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ìjọba yóò yọ VAT, owó orí ọjà, nínú rẹ̀, èyí tó ti di 7.5% láti 2020. Ilé sinimá yóò mú tirẹ̀, ìpín wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ilé iṣẹ́ tó pín fíìmù náà kiri ilé sinimá yóò mú tirẹ̀ náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń dé ọwọ́ ẹni tó ṣe eré, inú rẹ̀ ni yóò sì ti wá owó òṣèré, owó kámẹ́rà, owó oúnjẹ lóko eré àti owó ìpolówó. Bí nǹkan bá tún kù lẹ́yìn èyí, ìyẹn ni èrè. Ẹnì kan lè ṣe fíìmù tó mú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù wá, kó sì tún máa sá fún ẹni tó yá a lówó. Bí a bá wá pe ₦1.4 bílíọ̀nù ní èrè nínú ìròyìn, kí ni a óò pe èyí tó kù sápò? A ti ná ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a fi pè é.

Yorùbá sì ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹ bi ẹni tó ń fi kèkè ná Agric sí Sábó níye tó pa lónìí. Iye tó bá dá yín lóhùn, kò tíì ra epo nínú rẹ̀, kò tíì san owó ẹgbẹ́, kò tíì san ti ọlọ́kọ̀. Ó mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni tòun, bẹ́ẹ̀ kò purọ́ nígbà tó ní òun pa á. “Pa” ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń wá kiri. Àwọn ọmọ Sábó náà mọ̀ ọ́n, torí nígbà tí wọn ò ronú sí èdè tí wọ́n ń sọ, “Mélòó ló ti pa báyìí?” ni wọ́n ń bi ara wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ bí oníròyìn ni “èrè” wọ̀ ọ́.

Ó wá ku ibi tó ti pa á. Àwọn tó dàgbà nínú wa yóò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù kiri láyé Hubert Ogunde àti Adeyemi Afolayan tí gbogbo ayé ń pè ní Ade Love. Ẹgbẹ́ òṣèré fúnra wọn ló ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é láti ìlú dé ìlú. Wọn yóò háyà gbọ̀ngàn, ènìyàn wọn yóò sì dúró síbi àbáwọlé gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Níbí, títí di òní, bí wọ́n bá ní eré kan ń bọ̀, ohun tí àwọn àgbà kọ́kọ́ ń bèèrè ni, “Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà?” Ibẹ̀ ni owó eré ti ń wá. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Olaiya, Bàbá Sàlá, fi dun àwọn tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀: Ọ̀run Móoru tó ṣe ní 1982, àwọn olè da ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Ta ló tún fẹ́ wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà? Gbèsè ni fíìmù náà kó o sí.

Ohun mìíràn tó mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó bá “àgbéléwò” mu. Ọ̀rọ̀ tí a dá ni “àgbéléwò”, ó sì mú ilẹ̀ débi pé ọmọ tí wọ́n bí lánàá ń lò ó láìmọ̀ pé ìgbà kan wà tí kò sí. Ohun tí ènìyàn gbé ilé wò ni. Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, inú ilé lórí kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wa ti wò ó. Jénífà àkọ́kọ́, ti 2008, orí CD ni ọ̀pọ̀ wa ti rí i. Aníkúlápó tí Kunle Afolayan gbé jáde ní 2022 àti Jagun Jagun ti 2023, Netflix ni wọ́n gbà wọlé tọ̀ wá, orí fóònù la ti wò wọ́n. Àgbéléwò ni gbogbo wọn, yálà kásẹ́ẹ̀tì ló gbé wọn wá ni o, tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Fíìmù tí kò gba ẹnu ọ̀nà kò lè ní owó ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ Sábó jà lórí èyí gan-an: ọ̀kan ní dandan ni kí Jagun Jagun wà lórí páálí torí òun ni ààyò òun, èkejì ní kò lè sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jàre, páálí méjì ló yẹ kí wọ́n lẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí a lo “ààyò” fún fíìmù tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀, kí a má jẹ́ kí ó wọ inú ọ̀rọ̀ owó rárá. “Àyànfẹ́” tí àwọn kan ń lò kò burú, àmọ́ “ààyò” ni ẹnu ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá to ààyò rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, torí ọkàn rẹ̀ ló fi tò ó. Ti owó ẹnu ọ̀nà, ìṣirò ni, a lè bi í pé báwo ló ṣe kà á.

Kíkà rẹ̀ sì le ju bí páálí ṣe fi hàn lọ. The Wedding Party tí Kemi Adetiba darí jáde ní òpin 2016, ó sì pa ohun tó lé ní ₦450 mílíọ̀nù. Omo Ghetto: The Saga tó jáde ní December 2020 kọjá ₦630 mílíọ̀nù, Battle on Buka Street ti 2022 kọjá ₦660 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá tò wọ́n báyìí, ẹni tó jáde kẹ́yìn ló ń borí ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo náírà fúnra rẹ̀. Ní òpin 2016, nǹkan bíi ₦305 ni dọ́là kan ní bánkì ìjọba. Ní òpin 2023, ó ti tó nǹkan bíi ₦900. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ₦450 mílíọ̀nù ìgbà yẹn àti ₦1.4 bílíọ̀nù ti A Tribe Called Judah, bákan náà ni wọ́n ṣe sún mọ́ dọ́là mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ní òpin 2024 tí dọ́là ti kọjá ₦1,500, ₦1.8 bílíọ̀nù kò pé mílíọ̀nù kan ààbọ̀. N kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ ọmọ ìlú mi kù. Kí fíìmù tí a ṣe nílé máa kún ilé sinimá ní ọdún Kérésì lẹ́yìn ọdún Kérésì, iṣẹ́ ńlá ni, inú mi sì ń dùn sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó ẹnu ọ̀nà kò sọ iye orí tó wọlé. Ní Faransé, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ni wọ́n sábà fi ń to fíìmù, kì í ṣe owó. Tí a bá fẹ́ ìyẹn náà, “iye òǹwòran” ti wà nílẹ̀, kò gba kí a tún dá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́ ti sọ pé “owó ẹnu ọ̀nà” ni ohun tí ẹnì kan ṣoṣo san, pé kò lè jẹ́ àpapọ̀. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ẹnì kan ń san án, àmọ́ owó orí náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń san án, a sì ń pe gbogbo èyí tí ìjọba kó jọ ní owó orí. Níbi tó bá ti lè rú ènìyàn lójú, kí a sọ pé “àpapọ̀ owó ẹnu ọ̀nà”, ó tán. Màmá wa ní Àgbádárìgì ní ẹni tó bá wà lápá ọ̀dọ̀ wọn lè gbọ́ ọ bí owó kọ́sítọ́ọ̀mù ní Sẹ̀mẹ̀. Mo gba ìyẹn rò dáadáa, Mà. Ṣùgbọ́n ẹnu ibodè ni ti Sẹ̀mẹ̀, bí a ti ń pè é láti ìgbà tí àwọn oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ru ọjà kọjá. Ibodè ni ti ìlú, ẹnu ọ̀nà ni ti ilé. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣi méjèèjì gbọ́.

Ní ti “bọ́kìsì ọ́fíìsì”, n kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Sinimá, fíìmù, tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ni mo ń lò, mo sì ti lò wọ́n nínú lẹ́tà yìí. A yá wọn torí ohun tí wọ́n ń pè dé pẹ̀lú orúkọ wọn. Gbígba owó lẹ́nu ọ̀nà eré kò dé pẹ̀lú sinimá, ó ti wà ká tó ní ilé sinimá kankan nílùú yìí. Ọ̀rọ̀ tí a ní, kí ló dé tí a ó fi lọ yá a?

Ẹ fi í sẹ́nu wò bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. “Fíìmù náà pa ₦1.4 bílíọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà.” “Owó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.” “Òun ló ṣíwájú lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún náà.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́ ọ, ìyá ẹlẹ́ja náà gbọ́ ọ. Ẹ wá fi “àpótí owó” rọ́pò rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, láti Friday tí fíìmù bá jáde títí di Sunday, tí àwọn oníṣòwò fíìmù kà sí gan-an, torí òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilé sinimá yóò fi í sílẹ̀ lára pátákó tàbí yóò yọ ọ́ fún òmíràn. “Owó ẹnu ọ̀nà ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́” gùn jù, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ro “owó ìṣíde” wò, mo tún ro “owó àkọ́jáde”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè àwọn apẹja àti àwọn alájàpá Ẹ̀pẹ́, kí ni wọ́n ń pe owó tí ọjà tuntun bá kọ́kọ́ pa kí iná rẹ̀ tó rọlẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà níbẹ̀, ẹ bá wa mú un wá.