Ọta wọ ikùn, egbò ẹ̀ wá kẹ̀: ẹ sọ tojú yín

ỌmọMókọ́lá: Ẹ kú àárọ̀ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Mọ́níyà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn olè yìnbọn bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ọta ò jáde lẹ́yìn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, a rò pé ó ti parí, àfi bí ibà ṣe dé lọ́jọ́ kẹrin, ojú abẹ wá ń sun ọyún, ó ń rùn. Dọ́kítà ní àwọn máa tún un ṣí. Ìyàwó ẹ̀ ò fẹ́ fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀rọ̀.

AdéÒjé: Kó fọwọ́ sí i kíákíá jàre

Ìyá Ṣadé: Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́kún, ọkọ tèmi nìyẹn ní 2014. Ọsibítù tá a kọ́kọ́ gbé e dé ní ká lọ gba rípọ́ọ̀tì ọlọ́pàá wá ná, ẹ̀jẹ̀ ti kún inú Micra, dírẹ́bà ń kígbe síìtì ẹ̀, ìkejì ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ìkẹta ló gbà wá. Wọ́n ní ihò mẹ́fà ló wà lára ìfun, wọ́n rán an. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta ikùn le gbandi bíi pákó, wọ́n dá a padà sí tíátà, dọ́kítà sọ fún mi pé omi iyọ̀ làwọn ń dà sí i tí àwọn ń fà á jáde títí omi fi mọ́. Wọ́n fa ìfun kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà yàgbẹ́ sínú báàgì fún oṣù márùn-ún. Awọ ikùn, wọn ò rán an o, báńdéèjì ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, láràárọ̀ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀ ohùn ẹ̀ á dé géètì. Ìyá ẹ̀ wá lọ gbé àmàlà pamọ́ sábẹ́ ìró wọlé pé ebi ń pa ọmọ òun, nọ́ọ̀sì lé màmá débi pé bàtà wọn kan kù sí wọ́ọ̀dù.

Tẹ̀mi_Bódìjà: Bàtà kan 😂😂😂 màmá gbìyànjú

ỌmọBẹẹrẹ: Ṣé gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni mò ń bi o

Alàgbà_Àpáta: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ayẹta? Bàbá bàbá mi ní in, ọta ò lè wọ̀ wọ́n.

Tẹ̀mi_Bódìjà: Wọ́n ti yìnbọn fún wọn rí ni sà?

Alàgbà_Àpáta: Ta ló tó bẹ́ẹ̀.

Tẹ̀mi_Bódìjà: 😂 ah

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: ỌmọMókọ́lá, sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ pé ṣíṣí ẹ̀ẹ̀kejì kì í ṣe pé wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ọta bá ti gba inú ìfun ńlá kọjá, ìgbẹ́ ti dà sínú ikùn nìyẹn, ìgbẹ́ yẹn gan-an ni májèlé, àǹtíbáyọ́tíìkì nìkan ò ràn án tí ọyún bá ti gbára jọ, àfi kí wọ́n fà á jáde kí wọ́n fọ ibẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé iná inú ọta ti pa kòkòrò, irọ́ ni, kódà ó máa ń fa àkísà aṣọ wọlé mọ́ra. Bí wọn ò bá sì rán awọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, tí wọ́n bá sé e pa ọyún á tún kóra jọ sábẹ́.

Káyọ̀dé: Ṣé wọ́n ti yọ ọta ọ̀hún ṣá? Tí kò bá jáde kò lè san

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Ta ló sọ fún yín? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ọta kiri nínú ara. Ìfun ni wọ́n ń tún ṣe.

Ìtàn_n_jẹ́_bẹ́ẹ̀: McKinley, ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n yìnbọn fún un níkùn ní 1901 ní Buffalo, níbi ìpàtẹ ńlá kan tí wọ́n ti ń fi iná ẹlẹ́tíríìkì ṣe fàájì. Ìmọ́lẹ̀ ò tó nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, dígí ni wọ́n fi ń ta oòrùn sí i. Wọn ò rí ọta, wọ́n rán ikùn pa, ara ẹ̀ wá ń jẹrà nínú, ọjọ́ kẹjọ ó kú.

ỌmọBẹẹrẹ: NEPA ti débẹ̀ láti 1901 😭

Káyọ̀dé: Ṣé ẹ rí i, wọn ò yọ ọta!

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́: Ọlọ́run ó

AdéÒjé: Ọ̀rọ̀ rípọ́ọ̀tì yẹn, òfin ti dé láti 2017 pé kí wọ́n gba ẹni tí ọta bà wọlé, rípọ́ọ̀tì wà kò sí, ọsibítù fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí 2.

Ìyá Ṣadé: Inú ìwé ló wà. Ọmọ àdúgbò wa ńkọ́ lọ́dún tó kọjá, ṣebí rípọ́ọ̀tì náà ni wọ́n tún béèrè.

Káyọ̀dé: Tó bá jẹ́ olè fúnra ẹ̀ ńkọ́, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀?

AdéÒjé: Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ ń dúró dè é.

Káyọ̀dé: Mi ò gbà

ỌmọMókọ́lá: Ìyàwó ẹ̀ ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti gbé e wọlé. Páìǹtì mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní ká wá. Ẹ bá wa gbàdúrà.

Alàgbà_Àpáta: Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Mo mọ ẹnì kan ní Ọjà Ọba tó lè ṣe òrùka fún un tó bá ti dìde.

ỌmọMókọ́lá: Ọjọ́ kẹta rè é. Wọ́n fa ìfun síta fún òun náà, ọyún tó jáde kún abọ́. Ibà ti ń wálẹ̀. Láago mẹ́ta òru báàgì ṣàdédé wú bíi bàlúùnù, a pariwo, nọ́ọ̀sì ní isó ni, kí a máa yọ̀. Ìyàwó ẹ̀ kúnlẹ̀.

Tẹ̀mi_Bódìjà: Mi ò rò pé mo lè ké àmín sí isó láyé mi. Àmín o.

Ìyá Ṣadé: Ẹ má gbé àmàlà wọlé o!!

ỌmọMókọ́lá: 😂 a ti gbọ́ mà. Báàgì yẹn wọ́n gan-an, níbo lẹ ti ń rà á nígbà yẹn?