Etí ajá mi ń rùn bí omi ògì, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń burú sí i, ẹ gbà mí o

Ìyá Snow:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin tèmi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ajá mi ń jẹ́ Snow, Lhasa ni (irú ajá kékeré onírun gígùn), ọmọ ọdún 3, funfun báláú ni nígbà tí mo rà á (báyìí ó ti di àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ Àkóbọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lẹjọ́ mi lónìí). Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wẹ ajá tí wọ́n ń gẹ irun wọn, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i lára, ó ń ta sánsán, inú mi dùn. Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí. Mo ní bóyá eṣinṣin ni. Ó tún gbọn ọ́n, ó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí, ló bá ń fi ẹ̀gbẹ́ orí wọ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ láti ògiri dé ògiri. Ìgbà tí mo ká etí ọ̀tún sókè, òórùn tó jáde níbẹ̀, àfi bí omi ògì tí wọn ò yí fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú ẹ̀ pọ́n, kiní búráùn kan tó ń yọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí àdín tó dì.

Mo wá ṣe ohun tí ọpọlọ mi gbé. Mo ra sípírítì, mo ra cotton bud, mo ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ torí ìdọ̀tí ń jáde dáadáa, àmọ́ báyìí tó bá ti gbọ́ tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá wọ̀, lánàá ó gé mi jẹ lọ́wọ́, Snow tí kì í gbó mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò gan-an ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé gbogbo ajá tó wà nílé bàbá òun ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fọ etí wọn rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ń ṣe tí ò da?

Bàbá Tiger:
Madam ẹ má dààmú ara yín. Kẹrosíìnì ìdérí ìgò kan, ẹ pò ó mọ́ àdín, ẹ kán an sí i. Ohun tí mo ń lò fún Tiger nìyẹn, Boerboel gidi ni o, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí:
@Bàbá Tiger kẹrosíìnì kẹ̀? Sínú etí tó ti bó? Ẹ kọ́kọ́ kán an sí tiyín ná ká wò ó. Ẹ̀yin náà lẹ sọ nínú gúrúùpù yìí pé kí wọ́n fi ọtapiapia wẹ ajá, a ò tíì gbàgbé.

Ìyá Snow, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kí ẹ wo etí yẹn dáadáa bóyá eégbọn ló wà níbẹ̀. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ajá 6 la ní, tí wọ́n bá ti igbó dé bàbá mi ò ní jókòó kó tó fọwọ́ wo etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ leégbọn fẹ́ràn. Èyí tó bá ti mẹ̀jẹ̀ yó á rí roboto bí èso lárà. Ìyẹ́ adìẹ ni bàbá mi fi ń nu etí wọn, ibi tójú ẹ̀ bá tó ló sì ń mọ, kì í tì í wọnú. Tiyín ò jọ eégbọn lójú mi ṣá, òórùn ògì yẹn ni ò yé mi.

Dókítà Ajá:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Ìyá Snow ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé sípírítì yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí. Ojú egbò ni inú etí yẹn báyìí, ata lẹ ń fọ́n sí i láàárọ̀ lálẹ́, èmi náà máa gé yín jẹ. Hydrogen peroxide náà, ẹ má gbìyànjú ẹ̀, kẹrosíìnì ni mi ò tiẹ̀ ní dá lóhùn.

Cotton bud wá ńkọ́? Etí ajá ò rí bíi tiwa. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà, ti ajá á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, á wá ṣẹ́ kọ́nà wọlé bíi lẹ́tà L, ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún ni ìlù etí wà. Ńṣe ni igi kékeré yẹn ń ti ìdọ̀tí wọ kọ́nà, bí ìgbà téèyàn ń gún ẹ̀tù sínú ṣakabùlà. Èyí tẹ́ ẹ rí lórí òwú kéré sí èyí tẹ́ ẹ tì wọlé.

Òórùn ògì, àwọ̀ búráùn, tó tún ń yọ̀: ó jọ yeast sí mi, ẹ̀yà olú tíntìntín tójú lásán ò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní Malassezia. Kò yà mí lẹ́nu pé ó ń rùn bẹ́ẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú ògì kan. Ó ń gbé lára ajá tára ẹ̀ yá láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àmọ́ tí omi bá wọ etí níbi tí wọ́n ti ń wẹ ajá, tí wọn ò nù ún gbẹ, irun dí i, ewé etí tún wálẹ̀ bo ihò bíi ti Lhasa, ooru mú níbẹ̀, á wá máa bí sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi fóònù wo etí. Tó bá dúdú tó sì gbẹ kúlúkúlú bíi Milo, kòkòrò etí ni mo máa kọ́kọ́ rò. Tó bá jẹ́ ọyún pupa rúsúrúsú tàbí aláwọ̀ ewé, bakitéríà nìyẹn, òmíì sì wà tó jẹ́ pé méjì lójú kan náà ni. Oògùn tó ń pa bakitéríà ò ní pa yeast. Ìka tó bá tọ́ símú là á fi í romú.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ó ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ṣé ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tàbí ó ń rìn yípo? Ṣé ẹ ti kán nǹkan míì sí i?

Ìyá Snow:
Ẹ ṣé gan-an dókítà. Kò gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rìn dáadáa. Ọ̀rọ̀ nǹkan míì yẹn... ojú ń tì mí o. Dírọ́ọ̀pù kan ṣẹ́ kù tí wọ́n fún ọmọ mi nígbà tí etí ń dùn ún lọ́dún tó kọjá. Mo kán an sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà Ajá:
Ẹ má tijú, mélòó la fẹ́ kà. Ẹ mú ìgò ẹ̀ dání kí wọ́n rí ohun tó wà nínú ẹ̀, torí tí ìlù etí bá ti lu, oògùn kan wà tó jẹ́ pé tó bá ráyè kọjá níbẹ̀ ó lè di ajá létí pátápátá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wo inú ká tó kán nǹkan kan. Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Fásitì Ìbàdàn, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o, ìdọ̀tí yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rí.

Àǹtí Peckham:
Ìyá Snow ẹ má jẹ́ kó pẹ́ bíi tèmi. Cocker Spaniel ni mo ní níbí, etí ẹ̀ gùn débi pé ó ń wọ inú abọ́ oúnjẹ. Ó gbọnrí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ní á lọ fúnra ẹ̀. Sátidé kan mo jí, ewé etí òsì ti wú, ó rọ̀, ó gbóná, bí piọ wọ́tà tó ti wà lóòrùn láti àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni! Gbígbọ̀n tó ń gbọnrí ló já iṣan inú ewé etí yẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi kiní bí àrọ́ sí i lọ́rùn, ó ń fi kọlu gbogbo ilẹ̀kùn ilé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó tún padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, a wò ó, ó tún padà. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó sọ fún mi pé kì í ṣe etí lẹjọ́, pé ara ẹ̀ kọ adìẹ tí mo ń fún un jẹ ni. Ó ti ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo rò pé àṣà ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ 8 gbáko la fi yọ adìẹ kúrò pátápátá ká tó mọ̀ dájú.

Sísí Oníológbò:
Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, kòkòrò bíi Milo tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé ológbò lè kó o lára ajá?

Dókítà Ajá:
Ó ń kó o dáadáa, ajá náà ń kó o lára ológbò. Tí ọ̀kan bá ní in, gbogbo ẹran tó wà nílé lẹ máa wò pọ̀. Láti ẹyin títí tó fi máa dàgbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, torí náà ẹni tó bá dá oògùn dúró lọ́jọ́ karùn-ún torí ajá ò họra mọ́, á tún padà wá.

Ìyá Snow:
Ẹ̀yin ará, mo ti dé o, ọjọ́ kẹfà rèé. Yeast ni! Wọ́n fi òwú gba ìdọ̀tí díẹ̀, wọ́n yí i sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n kùn ún, dókítà obìnrin kan ní kí n wá wo inú maikroskóòpù. Ó pọ̀ lọ súà, elésè àlùkò, ó rí gẹ́lẹ́ bí ẹ̀pà tí wọn ò tíì bó. Ìlù etí ò lu, mo dúpẹ́.

Wọ́n kọ́ mi ní fífọ̀ ẹ̀. Ẹ ò ní fi nǹkan kan wọ inú. Ẹ ká ewé etí sókè, ẹ da oògùn ìfọtí sí i títí á fi kún, ẹ wá fi ìka méjì rọra máa rún ìdí etí, abẹ́ ibi tó le yẹn, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá débẹ̀ ẹ máa gbọ́ ọ, fọ́ṣọ́fọ́ṣọ́, bí ẹsẹ̀ nínú bàtà tí òjò pa. Ẹ wá fi sílẹ̀ kó gbọnrí, kí ẹ sún sẹ́yìn o, tèmi ta sí mi lójú àti bùláòsì. Lẹ́yìn náà òwú lórí ìka, ẹ nu ibi tí ìka bá dé. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó kán oògùn. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún wa, a máa padà lọ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní tó bá ti yá kí n má máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ mọ́, kí n kàn ti òwú bọ ihò etí tó bá ń wẹ̀, kí n sì rántí yọ ọ́.

Ẹ̀dọ̀ màlúù ni mo fi ń tù ú nínú. Àná ó tiẹ̀ wá bá mi níbi kọ́bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ó jókòó. Ọkọ mi ní ẹ̀dọ̀ yẹn ni òun náà ń retí.

Bàbá Tiger:
Ẹ kú oríire madam. Ẹ dákun, kí lorúkọ oògùn ìfọtí yẹn? Tiger ti ń gbọnrí láti àárọ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí:
😂😂😂 Ẹ gbé e lọ jàre. Ẹ fi kẹrosíìnì sílẹ̀ fún sítóòfù.