Ìdá ogójì kì í ṣe ogójì pàsẹ́ńtì o

Ẹ̀yin tèmi, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe pàsẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká gé e kúrú, pé "ìdá ogójì" ti tó fún 40%, torí "nínú ọgọ́rùn-ún" ti gùn jù lẹ́nu. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ìdá ogójì ti níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ bi àwọn Mùsùlùmí l'Óṣogbo níbí, ẹni tó bá fẹ́ yọ sàká owó ẹ̀, ìdá kan nínú ogójì ló máa yọ, ìyẹn 2.5%. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà lówó ọ̀hún, tó tó iye tí sàká fi ń di dandan, tó sì ti pọdún lọ́wọ́ ẹ̀, ₦25,000 ni sàká ẹ̀. Tẹ́nì kan bá wá kà á sí 40%, ó di ₦400,000, ta ló fẹ́ san ìyẹn? Ìdámẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, òun jẹ́ 10% lóòótọ́, àmọ́ torí pé mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ló jẹ́ ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣe pàdé, wọ́n á wá rò pé ìdámárùn-ún náà á jẹ́ 5%, bẹ́ẹ̀ 20% ni. Bí nọ́ńbà ìdá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tó kàn yín ń kéré sí i.

Ẹ wo òfin ìdìbò náà, ìdá ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ di gómìnà, yàtọ̀ sí pé kí ìbò ẹ̀ pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ ẹ̀. Ti Ọ̀ṣun jẹ́ 30, ó já sí 20 geere. Àmọ́ nínú ìdìbò ààrẹ lọ́dún 1979, tí irú òfin yìí ń ka ìpínlẹ̀, tí Nàìjíríà sì ní ìpínlẹ̀ 19, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ já sí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yẹn gbé Awólọ́wọ̀ àti Shagari dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ẹ fi pọ́ìntì kọ ọ́ wò, 12.666, ẹ ò ní kọ ọ́ tán láé.

Ti pọ́ìntì yìí náà, àwọn kan ní ká pè é ní "kókó". Kókó ọ̀rọ̀ wá ńkọ́? Pọ́ìntì lọmọ iléèwé ń pè é láti Òkè-Fìà dé Ọjà Ọba, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Bá a ṣe ń ka ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló ká mi lára. Ẹ má ka 0.25 sí "pọ́ìntì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n", ọmọ tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á ní ó ju 0.3 lọ, torí 25 ju 3 lọ lójú ẹ̀. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, òdo pọ́ìntì méjì márùn-ún, torí àyè àkọ́kọ́ lẹ́yìn pọ́ìntì, ti ìdá mẹ́wàá ni, èkejì, ti ìdá ọgọ́rùn-ún.

Ohun tá a ní nílẹ̀ tó wa lò. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, ẹ pín 3 sí ọ̀nà 8, ẹ rí 0.375, ẹ sún pọ́ìntì lẹ́ẹ̀mejì sápá ọ̀tún, ó di mẹ́tàdínlógójì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. "Àbọ̀" yẹn dùn létí jù pọ́ìntì márùn-ún lọ. Tí ààyè ò bá sì gbà yín, ẹ kọ "pàsẹ́ńtì", kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn: tá a bá fi "ìdá ogójì" ti 40% sínú ìwé iléèwé, kí la ó wá máa pe 1/40?