Kámẹ́rà tí àtẹ́lẹwọ́ ń bò mọ́lẹ̀: ìrírí wa pẹ̀lú kámẹ́rà fíìmù kékeré àtijọ́

Ìrírí kìíní, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Láítà àwọn amusìgá ni mo pe Minox, kámẹ́rà kékeré kan, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú àpótí páànù bàbá ayàwòrán kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka àárín mi lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú un, wọ́n fà á síta, wọ́n tì í padà, ó ró ṣák; wọ́n ní bí a ti ń fà á tí a sì ń tì í yẹn ni fíìmù ń yí sí fọ́tò tó kàn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: owó tí mo fi rà á lọ́wọ́ wọn lè ra ewúrẹ́ kan, ìyàwó mi kò sì tíì dárí rẹ̀ jì mí.

Walter Zapp, tí wọ́n bí ní Riga ní 1905, ló ṣe àgbékalẹ̀ kámẹ́rà yìí, Riga náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é kí Ogun Àgbáyé Kejì tó lé iṣẹ́ náà lọ sí Jámánì. Ti Jámánì ni tèmi, Minox B, irú èyí tó jáde ní 1958. Ojú fọ́tò kan lórí fíìmù rẹ̀ kò ju mílímítà 8 ní ìbú àti 11 ní òró lọ. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so mọ́ ọn ni mo fẹ́ràn jù. Odidi oṣù méjì ni mo fi pè é ní ọ̀ṣọ́, kí n tó mọ̀ pé àwọn kókó ara rẹ̀ ni a fi ń wọn bí ìwé tí a fẹ́ yà ti jìnnà sí lẹ́ńsì tó. Ó lè ya ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 péré síwájú rẹ̀, abájọ tí àwọn amí fi ń lò ó.

Fíìmù ló fìyà jẹ mí. Fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mílímítà 10, n kò sì rí ẹni tó ń tà á ní gbogbo Adó-Èkìtì. Mo ní kí káfíńtà kan lẹ abẹ méjì mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni mo fi ń gé fíìmù mílímítà 35 nínú òkùnkùn biribiri, lábẹ́ aṣọ òfì mẹ́ta. Fíìmù 400, irú èyí tó tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ ju 100 lọ, ni mo kọ́kọ́ gé, mo sì gbé e lọ sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, gbogbo nẹ́gátíífù náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀bi tèmi ni. Ojú lẹ́ńsì Minox kì í fẹ̀, kì í dín, f/3.5 (bí àwọn ayàwòrán ti ń wọn fífẹ̀ rẹ̀) ni títí ayé. Ìyára ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, ni a ń yí, kò sì lè yá ju ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Oòrùn tiwa ju ìyẹn lọ fún fíìmù 400. Èyí tó tún burú ni pé òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, tí kì í lo bátìrì nítorí pé sẹ́lẹ́níọ̀mù inú rẹ̀ ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná, ti darúgbó: oòrùn ń jó mi lórí, ó ní ìrọ̀lẹ́ ni. Fíìmù 100 ni mo ń gé báyìí, kí oòrùn tó mú ni mo sì ń jáde. N kì í bi òṣùwọ̀n yẹn ní nǹkan kan mọ́.

Ìrírí kejì, láti Ìjerò-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ewúrẹ́. Oòrùn ló ba tèmi náà jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ló bá a. Kámẹ́rà pẹlẹbẹ tó ń lo fíìmù 110 (orúkọ irú fíìmù ni èyí, kì í ṣe bó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) ni, irú èyí tí Kodak gbé jáde ní 1972. Màmá mi ló ni ín. Ẹ kò ní gé fíìmù kankan fún un: inú ike ni fíìmù rẹ̀ wà, a kàn ń jù ú sínú rẹ̀ ni, iléeṣẹ́ Lomography sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní 2012. Mo bá fíìmù kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti yà dé nọ́ńbà 17, bí mo ti rí i láti ojú fèrèsé kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Orí àjà, lábẹ́ páànù gbígbóná, ló ti wà láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fọ fíìmù ní Èkó, mo ń retí ojú màmá mi nígbà tí ara wọn ṣì le. Àwọn ìlà àti nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ ti fi ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ sórí fíìmù kí wọ́n tó tà á ló padà wá, àti, níbi nọ́ńbà 9, ohun kan tó lè jẹ́ gèlè, tó sì lè jẹ́ igi máńgòrò. Mo fi han màmá. Wọ́n ní gèlè ni, wọ́n sì sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi.